Ilà Ojú, Fínfín àti Àmì Irin Gbígbóná ní Etí Òkun Wa

   

Inú mọ́sáláṣí wa níbí ní Topo ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti jáde. Ní Ramadan kan tí kò tíì pẹ́, lẹ́yìn tí a parí tafusíírù ìrọ̀lẹ́, ọmọ kéwú kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí dìde. Ó sọ hádíìsì tí ó wà lórí ẹni tí ń fín ara àti ẹni tí ó ní kí wọ́n fín òun, ó sì nawọ́ sí ìyá àgbà kan láàárín àwọn obìnrin. Ìyá yìí ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Orúkọ rẹ̀ wà ní apá òsì, wọ́n fín in dúdú bí ẹni fi tàdáwà kọ ọ́ sí wàláà. Ọmọ náà ní ẹni ègún ni irú wọn. Ìyá ò fèsì. Ó fi ìborùn bo apá rẹ̀, ó dìde, ó lọ. Ọjọ́ kejì, a ò rí i. Ọjọ́ kẹta, a ò rí i.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, pélé mẹ́ta-mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Àlùfáà ni bàbá mi, òun fúnra rẹ̀ ló sì ránṣẹ́ pe olóòlà. Bí a bá ti pín ègún kan ìyá yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ kéwú wa fẹ́ sọ nípa lémọ́mù tí ó ti ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ láti kékeré? Mo mọ̀ pé kò ronú dé ibẹ̀. Hádíìsì tí ó sọ, òótọ́ ni. Ohun tí kò mọ̀ ni ìtàn tí ó wà lẹ́yìn àpá ara àwọn àgbà wa, àti ọ̀nà tí àwọn onímímọ̀ gbà túmọ̀ hádíìsì náà. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ilà ni èyí tí olóòlà ń fi abẹ kọ sí ojú ọmọdé, tí ó sì di àpá títí ayé. Gbẹ́rẹ́ ni kí a sín ara wẹ́wẹ́ láti fi oògùn ra á. Kóló tún yàtọ̀: abẹ kékeré ni wọ́n fi ń là á wẹ́wẹ́, wọ́n á fi dúdú ra ojú rẹ̀, yóò sì yọ bí iṣẹ́ ọnà sí ẹ̀yìn, sí itan tàbí sí ọwọ́ obìnrin. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí àti Ẹ̀gbádò, tí wọn kò jìnnà sí wa níbí, gbajúmọ̀ nínú kóló. Ọmọbìnrin tí ó bá gba abẹ náà láìsunkún, wọ́n gbà pé yóò lè gba ìrora ọmọ bíbí. Fínfín ni kí a gún awọ ara, kí dúdú wọ abẹ́ rẹ̀ kí ó má lè jáde mọ́. Òun gan-an ni Lárúbáwá ń pè ní al-washm, òun náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń pè ní tátúù. Bùjé àti làálì kò sí lára ìwọ̀nyí o. Orí awọ ni wọ́n ń wà, wọ́n á sì parẹ́ fúnra wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ fínfín dẹ́rù ba ìyàwó tí ó lé làálì.

Níbo ni ilà ti wá? Àlùfáà ìjọ ọmọlẹ́yìn Kírísítì nì, Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ títí di 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbé ìtàn kan kalẹ̀ tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́, rán ẹrú méjì níṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ Tápà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ náà bó ti tọ́, èkejì kò ṣe é dáadáa. Ọba ní kí wọ́n fi abẹ la aláìgbọràn yìí ní ojú 122 káàkiri ara. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ san, ẹwà ni ó yọ! Àwọn olorì ń wo ẹrú, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ní ìyà kọ́ ni irú nǹkan báyìí yẹ, ọba ló yẹ. Ṣàngó ní kí wọ́n kọ ọ́ fún òun náà. Abẹ kan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ó tó. Johnson ní láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ọba Ọ̀yọ́ ti ní àmì tí wọ́n ń pè ní eyọ̀.

N kò ní kí ẹ gba ìtàn yìí bí ẹni gba Alùkùránì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀: ara ẹrú ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi abẹ kọ̀wé, kí ó tó di ẹ̀ṣọ́ ọba. Ẹrú àti ilà ò jìnnà síra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, ilà di ìwé ìdánimọ̀. Ẹni tí ó ní àbàjà, tí a fà ní ìbú lẹ́rẹ̀kẹ́, ènìyàn á wò ó á sọ ilé tí ó ti wá. Gọ̀ǹbọ́ àti kẹ́kẹ́ ní tiwọn. Ará Oǹdó ní ìlà kan gígùn lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti òsì. Túrè wà, mándé wà, jàmgbàdì wà. Àwọn aládùúgbò wa ní ìhà Ouidah náà ní tiwọn, méjì-méjì ní ojú márùn-ún, tí wọ́n so mọ́ erè tí àwọn ará ibẹ̀ ń bọ. Ibí yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti fetí sílẹ̀: àmì ilé bàbá ẹni àti àmì òrìṣà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní ìdájọ́. Èyí tí a kọ láti fi ara sin ohun mìíràn lẹ́yìn Ọlọ́hun ti wọ ẹbọ. Àbàjà ilé bàbá ẹni kò rí bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́.

Nígbà tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan ní ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tí a bí wa sí, tí Ọ̀yọ́ ilé fọ́, tí àwọn ará Dàhòmì ń kó ìletò lẹ́yìn ìletò ní ìhà ìwọ̀-oòrùn wa, ilà wá di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú. Ọmọ tí kò mọ̀ ju orúkọ ìyá rẹ̀ lọ lè sọnù lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá rí i lọ́jà á wo ojú rẹ̀, á ní, "Ọmọ àwọn wa nìyí." Ìyá mi àgbà sọ fún mi pé ohun tí bàbá mi fi pe olóòlà nìyẹn, ogun ti lọ, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì kù nínú ilé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń jẹ́ kí ẹbí mọ ẹbí, òun náà ni ó ń jẹ́ kí oníṣòwò mọ ọjà. Òun náà a máa wo ojú ènìyàn, kí ó lè mọ ibi tí ó ti wá àti iye tí yóò san.

Àwa onímọ̀ Isilaamu kò sì bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ní 1615, Ahmad Baba ti Timbuktu, onímímọ̀ ńlá tí àwọn ará Mọ̀rókò ti kó òun alára nígbèkùn rí, dáhùn ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí àwọn ẹrú tí ó ń ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú jáde. Ó kọ ọ́ kedere pé mùsùlùmí kò ṣeé tà, àwọ̀ dúdú kì í sì í ṣe ìdí tí ènìyàn fi ń di ẹrú. Ó tún to àwọn ẹ̀yà tí kò tíì gba ẹ̀sìn nígbà náà lẹ́sẹẹsẹ, orúkọ Yorùbá sì wà níbẹ̀. Lára ìwé tí ó kọ́kọ́ dárúkọ wa láyé nìyẹn. Ó dà bí ohun ìyàlẹ́nu pé inú ìwé lórí ẹni tí ó ṣeé rà ni orúkọ wa ti kọ́kọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín sọ̀kalẹ̀ sí etí omi. Ẹni tí ó bá dé Àgbádárìgì, wọ́n á mú un lọ sí ilé Brazilian Baracoon, níbi tí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ti ń sọ pé yàrá ogójì ni wọ́n ń kó ẹrú sí. Ilé Seriki Williams Abass ni. Jógà Orílé ní ìhà Ìlaròó ni wọ́n ti bí i. Àwọn ará Dàhòmì kó o ní kékeré, wọ́n tà á, ó dé Bùràsíìlì, ó kọ́ èdè àwọn Òyìnbó, ó padà wá sí Àgbádárìgì, ó sì di oníṣòwò ẹrú. Mùsùlùmí ni. Seriki Mùsùlùmí ni oyè tí wọ́n fi jẹ. Ó kú ní 1919, sàréè rẹ̀ sì wà nínú ọgbà ilé náà títí di òní. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ ilé-kéwú wa lọ síbẹ̀, ọ̀kan bi mí pé, "Lémọ́mù, ṣé ẹni tí wọ́n tà rí náà tún ń ta ènìyàn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní èsì mìíràn fún un lọ́jọ́ náà.

Ní etí òkun, àmì kejì máa ń bá ara ẹrú. Ará Họ́láńdì kan, Willem Bosman, tí ó ṣòwò ní etíkun yìí, kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1704. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ti ń fi irin gbígbóná jó àmì ilé-iṣẹ́ sí àyà àwọn tí wọ́n rà ní Ouidah, kí ti Gẹ̀ẹ́sì má baà dàpọ̀ mọ́ ti Faransé tàbí ti Họ́láńdì. Ẹ gbọ́ ohun tí ó mú mi dákẹ́ nígbà tí mo kà á ní yunifásítì: ó ní àwọn máa ń ṣọ́ra kí irin náà má jó jù, pàápàá lára obìnrin. Ó rò pé àánú ni òun ń sọ.

Ẹlẹ́rìí mìíràn tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé-kéwú bíi tiwa. Mahommah Gardo Baquaqua, ọmọ Djougou ní ilẹ̀ tí ó di Benin lónìí, oníṣòwò mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀. Ní nǹkan bí 1845 ni wọ́n gbé e gba Ouidah lọ sí Bùràsíìlì. Nígbà tí ó gba òmìnira, wọ́n tẹ ìtàn ayé rẹ̀ ní Detroit ní Amẹ́ríkà ní 1854. Ó ní ọkùnrin kan ń ti ẹ̀yìn ẹnì kan bọ́ sí ẹ̀yìn ẹnì kejì pẹ̀lú irin gbígbóná, ó ń jó wọn bí ẹni ń fi àmì sí àgbá ọjà. Kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú àmì yẹn. Ta ni yóò wá sọ fún Baquaqua pé ẹni ègún ni?

Nínú Sahíhù Muslim, Ànọ́bì wa kọjá lára kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tí wọ́n fi irin jó àmì sí lójú, ó sì ṣẹ́bi lé ẹni tí ó ṣe é. Ẹ gbọ́ o, kò ṣẹ́bi lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹni tí ó mú irin dání ni.

Ọlọ́hun sì ń yí nǹkan padà. Láti 1808, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn ènìyàn sílẹ̀ lójú omi tí wọ́n ń kó wọn lọ sí Sàró, akọ̀wé máa ń jókòó pẹ̀lú ìwé ńlá. Yóò kọ orúkọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí, gíga, lẹ́yìn náà àwọn àmì tí ó wà lára. Ní Havana náà, wọ́n kọ irú rẹ̀ láti 1824. Lónìí, àwọn onímọ̀ ìtàn ń ṣí àwọn ìwé wọ̀nyẹn, wọ́n ń fi orúkọ àti ilà mọ ibi tí àwọn ènìyàn náà ti wá. Ẹni tí wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ, ẹbí, títí kan orúkọ nígbà mìíràn, ojú rẹ̀ ṣì ń sọ ilé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn igba ọdún. Ajayi Crowther wà lára wọn. Wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ Myrmidon gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ní January 1845 ó sọ̀kalẹ̀ níbí ní Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ìjọ, ní 1846 ó sì rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán rẹ̀. Ilà tí wọ́n kọ fún un ní Òṣogùn bá a dé orí àga bíṣọ́ọ̀bù.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí sharíà. Abdullah ọmọ Mas'ud ni ó gba hádíìsì fínfín wá, ó wà nínú Bukhari àti Muslim. Ìdí tí ó wà nínú rẹ̀ ni yíyí ohun tí Ọlọ́hun dá padà nítorí ẹwà. Obìnrin kan ní ìran Banu Asad, Ummu Ya'qub, gbọ́, ó wá bá a, ó ní òun ti ka Alùkùránì láti páálí dé páálí, òun kò rí ohun tí ó ń sọ níbẹ̀. Ó dá a lóhùn pé bí ó bá kà á lóòótọ́, yóò ti rí i níbi tí Ọlọ́hun ti ní kí a gba ohun tí Òjíṣẹ́ mú wá. Súratu Hashri ni ó ń tọ́ka sí. Nítorí náà, mùsùlùmí tí ó mọ̀, tí ó sì lọ fín ara rẹ̀ lónìí, haráámù ló ṣe. N kò ní yí ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ̀tún tàbí òsì. Ilà ojú náà, a kò gbọdọ̀ kọ ọ́ fún ọmọ mọ́. Bàbá mi ṣe é nípa àṣà. Kí Ọlọ́hun forí jì í.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ò parí síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ kéwú wa ti dúró. Imam Nawawi, tí ó ṣàlàyé Sahíhù Muslim, tí ó kú ní 676 ọdún Hijira, sọ pé wọ́n lè fín ọmọbìnrin ní kékeré: ẹni tí ó fín in ni ó dẹ́ṣẹ̀, ọmọ náà kò ní ẹ̀ṣẹ̀, nítorí òfin kò tíì bọ́ sí i lọ́rùn. Ó sọ pé ojú ibi fínfín di nàjísì, èyí sì ni àwọn kan gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé ìrun ẹni bẹ́ẹ̀ kò dára. Ṣé wọ́n ka gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e? Ó ní bí yíyọ rẹ̀ yóò bá ba ẹ̀yà ara jẹ́, tàbí tí yóò fi àbùkù ńlá sí i, kò di dandan láti yọ ọ́. Bí ẹni náà bá ti túúbá, ẹ̀ṣẹ̀ ò kù lọ́rùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan lé e. Wọ́n gbà á wá pé Qays ọmọ Abu Hazim wọlé tọ Abu Bakr lọ, ó sì rí ọwọ́ Asma ọmọ Umays, ìyàwó rẹ̀, tí fínfín wà lára rẹ̀. Ìgbà àìmọ̀kan ni wọ́n ti ṣe é. Ìyàwó kálífà nìyẹn, sàhábà obìnrin, ẹni tí ó ṣe Hijira lọ sí Habaṣa. Ta ni ó nawọ́ sí i nínú mọ́sáláṣí?

Ní ti ìjọba, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní 2003 ti ka kíkọ ilà tàbí fínfín ara ọmọdé léèwọ̀, ìyà rẹ̀ sì ni owó ìtanràn tí kò ju 5,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ilà ti ń kú lọ kí òfin ó tó dé. Tátúù ẹlẹ́rọ ni ó gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ọmọkùnrin kan tí orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wà lọ́rùn wá bá mi, ó fẹ́ gba Isilaamu, ó bi mí bóyá kí òun kọ́kọ́ fi omi iná jó o kúrò. Mo ní kó má dán an wò. Ìgbàgbọ́ ni à ń kọ́kọ́ gbà, àlúwàlá á sì kan ara rẹ̀ nítorí pé abẹ́ awọ ni dúdú náà wà. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò rẹ̀ ni mo máa ń kìlọ̀ fún: yàtọ̀ sí ti ẹ̀ṣẹ̀, abẹ́rẹ́ kan náà tí wọ́n fi gún ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbé àrùn ẹ̀dọ̀ àti éèdì kiri.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo mú ọmọ kéwú náà, a lọ sílé ìyá yẹn láàárín igi àgbọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ forí jì mí." Ìyá ní, "Dìde, ọmọ mi." Mo bi í pé báwo ni fínfín náà ṣe dé apá wọn. Wọ́n ní àwọn ò tíì lọ́kọ, àwọn ò sì mọ̀wé, títí di òní. Ẹnì kan ń kiri ọjà, ó ń fín orúkọ síni lára. Ìyá tí ó bí wọn ló sanwó. Ìyá rẹ̀ tirẹ̀ ti ní ẹ̀gbọ́n kan tí àwọn ará Dàhòmì kó lọ, wọn ò rí i mọ́ títí ayé. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ òun sí i lára, kí ẹni tí ó bá rí i níbikíbi lè pè é.

Ìyá na apá rẹ̀ sí ọmọ kéwú, ó ní, "Kà á fún mi."

Ó kà á. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ẹni tí ó ti kà á ló ń sọ pé lẹ́tà kan kù. Ọmọ náà tún tẹjú mọ́ ọn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà kan kù lóòótọ́. Nígbà tí a pe ìrun àṣálẹ́, àwọn mẹ́ta la jọ rìn lọ sí mọ́sáláṣí.